Àmì Ẹ̀jẹ̀ Kéékèèké Nínú Ọpọlọ Àgbà: Ohun Tí Ó Pa Á Pọ̀ Mọ́ Àrùn Ìgbàgbé



Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, arákùnrin kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí pẹ̀lú àpò ìwé funfun fẹ̀ǹfẹ̀ kan lábẹ́ apá. Fíìmù ọpọlọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú àpò náà. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ilé wa ti fẹ́ẹ̀ tú lórí ìwé yìí." A mú un jókòó. Bí ó ṣe rò ó fún wa la fẹ́ sọ fún yín, ó sì gbà pé kí a kọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní Fátíhà àti àwọn súrà kéékèèké. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn ọmọ kíyè sí i pé bí ìyá bá ń kí ìrun Àìlá, wọ́n a dìde sí ráká karùn-ún. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ráká kẹta ni wọ́n á ti sálámà. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á ní ọmọ ọ̀dọ̀ jí tẹ̀súbáà àwọn, tẹ̀súbáà ọ̀hún á sì wà ní ọrùn ọwọ́ wọn. Àwọn kan ládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n fọ hàǹtú, ìyá mu ún, kò yí padà. Àwọn ẹbí kan tilẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó burú ju ìyẹn lọ lábẹ́lẹ̀, pé ìyá ti ń jẹ́wọ́ ni.

Ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ ya àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MRI. Nígbà tí èsì jáde, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò yé wọn, microbleeds, wọ́n sì kọ méje sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì jù nínú wọn ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ. Ilé dàrú. Àbúrò ní kí wọ́n dá gbogbo oògùn ìyá dúró, títí kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ó gbà pé oògùn ló ń mú ẹ̀jẹ̀ jò. Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun ní rárá, abẹ́rẹ́ tuntun kan ti jáde fún àrùn ìgbàgbé, kí wọ́n ta ilé tí bàbá fi sílẹ̀, kí ìyá wá gbà á ní Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ tí arákùnrin yìí dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá ti lo oògùn kẹ́yìn.

Kí a tó sọ ohunkóhun nípa fíìmù, arábìnrin wa kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì bá a lọ sílé láti wọn ìfúnpá ìyá. Ó jẹ́ 184 lórí 102. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ dúró di ìwé oṣù mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àmì náà jẹ́. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri inú ọpọlọ, títóbi ni àwọn kan, àmọ́ àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí ara irú iṣan wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ bá di aláìlágbára, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè jò gba ara rẹ̀ jáde. Kì í pọ̀. Ara á palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í tètè kúrò níbẹ̀, á ṣẹ́ kù bí ìpẹtà. Òòfà ni ẹ̀rọ MRI fi ń ṣiṣẹ́. Irin kékeré yìí á da agbára òòfà náà rú níbi tó wà, ojú ibẹ̀ á sì dúdú roboto lórí àwòrán. Àwọn àmì dúdú yìí kì í fẹ̀ ju mílímítà 10 lọ, púpọ̀ nínú wọn kò tó ìdajì ìyẹn. Síkáànù CT tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kì í rí wọn. Nínú MRI pàápàá, àfi kí wọ́n yà á ní ọ̀nà kan pàtó.

Ẹ rántí òrùlé tó jò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. A ti tún páànù ṣe, òjò kò wọlé mọ́, ṣùgbọ́n àbàwọ́n ṣì wà lára sílìnì. Ẹni tó bá wọlé lónìí á rí àbàwọ́n náà, kò sì ní sọ pé òjò ń rọ̀ sínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àmì méje yìí. Kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú orí ìyá lónìí. Ohun tó ń sọ ni pé ó ti jò rí ní ibi méje, ó sì yẹ kí a béèrè ohun tó ń ṣe páànù.

Ohun tó sì máa ń ṣe páànù yìí, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ. Èkínní ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára ti ara iṣan fún ọdún púpọ̀, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀, nínú ikùn ọpọlọ lọ́hùn-ún, ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nítorí náà, àmì ti ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ. Èkejì ni èyí tó so mọ́ àrùn ìgbàgbé, ẹ̀bá òde ọpọlọ, nítòsí èèpo rẹ̀, ni àmì tirẹ̀ sì máa ń wà. Ìwé èsì ìyá ní ẹ̀bá òde ni méje wọn wà.

Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè yìí. Ní ọdún 1901, ní ìlú Frankfurt, wọ́n gbé obìnrin kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 51, Auguste Deter, wá sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà kò lè rántí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un, ó sì ń fura sí ọkọ rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1906, Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí àwọn ìdọ̀tí kan tó dì pọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ó tún rí okùn tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Lónìí a mọ̀ pé purotéènì kan tó ń jẹ́ ámílọ́ìdì ló dì pọ̀ di ìdọ̀tí àkọ́kọ́ yẹn.

Ámílọ́ìdì yìí kì í dúró sí àárín sẹ́ẹ̀lì nìkan. Ó tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́bàá òde ọpọlọ. Iṣan tó yẹ kó máa fẹ̀ kó sì máa sún kì á wá gan bíi rọ́bà omi tó ti pẹ́ lóòrùn, ìgbà tó bá yá, á sán. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á ti jò. Nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí àrùn Alzheimer pa, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ikú, wọ́n máa ń rí ámílọ́ìdì lára iṣan, ì báà pọ̀, ì báà kéré. Bí wọ́n bá sì ya MRI àwọn tó ní àrùn náà láàyè, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún sí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń bá àmì ẹ̀jẹ̀ yìí lọ́pọlọ rẹ̀.

Ẹ má tìtorí èyí sọ pé ẹni tó bá ti ní àmì ti ní àrùn ìgbàgbé. Ní ìlú Rotterdam ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tó ń gbé nílé ara wọn. Nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 60 sí 69, wọ́n rí àmì lọ́pọlọ ìpín 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin, ó gòkè dé ìpín 38.3. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ra ọjà, wọ́n ń ka owó, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bá ìwádìí náà lọ, tí wọ́n sì gbé èsì mìíràn jáde ní 2016, wọ́n rí i pé àwọn tí àmì wọn pọ̀ ni ìrántí wọn ń lọ sílẹ̀ kíákíá jù, àwọn náà ni àrùn ìgbàgbé sì ń bá jù. Ọ̀kan ṣoṣo lè máà jẹ́ nǹkan kan. Bí ó bá di márùn-ún, méje, mẹ́wàá, ó ti ń sọ fún wa pé iṣan ọpọlọ náà kò sí lálàáfíà mọ́.

Ǹjẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ló ń fa ìgbàgbé, àbí ìgbàgbé ló ń fa àmì? Èrò tiwa, lẹ́yìn tí a ti ka ohun tí àwọn oníṣègùn kọ, ni pé ìbéèrè náà ò tọ̀nà tó bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò kan náà ló yọ ẹ̀ka méjì. Ámílọ́ìdì ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ó tún ń ba iṣan jẹ́. Iṣan tó bàjẹ́ kò sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò bó ṣe yẹ, ni ọ̀rọ̀ bá tún burú sí i fún sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá wà nínú ilé kan náà, iná méjì ló ń jó àgbà kan.

Ó kan ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ ta ilé. Irọ́ kọ́ ni pé abẹ́rẹ́ wà. Wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan tó ń jẹ́ lecanemab ní Amẹ́ríkà ní 2023 àti ní Ìlú Ọba ní 2024. Èkejì ń jẹ́ donanemab. Iṣẹ́ wọn ni láti kó ámílọ́ìdì kúrò nínú ọpọlọ. Nínú ìwádìí lecanemab, ènìyàn 1,795 ni wọ́n tọ́jú fún oṣù 18. Abẹ́rẹ́ náà dín bí ìrántí ṣe ń lọ sílẹ̀ kù ní ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún, kò dá ohun tó ti lọ padà. Àwọn tí àrùn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló sì wà fún.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àmì méje ìyá. Bí oògùn yìí ṣe ń ha ámílọ́ìdì kúrò lára iṣan, iṣan náà lè jò. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gan-an, ìpín 17.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí àmì ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ wọn, nígbà tí ó jẹ́ ìpín 9.0 láàárín àwọn tó gba omi lásán. Ọpọlọ àwọn mìíràn wú. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ le. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni sínú ìwádìí náà, wọ́n ka àmì tó wà lọ́pọlọ rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju mẹ́rin lọ, wọn kò gbà á. Mẹ́rin ni wọ́n wí, méje sì ni ti ìyá. A ní kí arákùnrin náà fi fíìmù yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó mú un lọ bá dókítà nílé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó bá ẹnikẹ́ni nájà ilé. Ìdáhùn tí wọ́n fún un kò yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe pé owó kò sí. Abẹ́rẹ́ náà lè ṣe ìyá ní jàǹbá ju bó ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ ni.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa láti ṣe, tí kò náni ní ilé, ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwa Yorùbá ní ẹ̀rí tiwa níbí. Láti 1992, ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti Adesola Ogunniyi pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn ènìyàn dúdú tó ń gbé ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2001, àrùn ìgbàgbé tuntun ń mú ìpín 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 lọ́hùn-ún. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e. Ìwádìí Ìbàdàn kan náà ló fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru ni àrùn ìgbàgbé ń bá jù. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, wọ́n kó ènìyàn 9,361 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru jọ, wọ́n sọ ti apá kan di ohun tí kò tó 120, wọ́n fi ti apá kejì sí ìsàlẹ̀ 140. Èsì tó jáde ní 2019 ni pé ìgbàgbé díẹ̀díẹ̀ tó ń ṣíwájú àrùn ńlá dín kù láàárín àwọn ti apá kìn-ín-ní.

Nítorí náà, àṣìṣe tó léwu jù nínú ilé yẹn ni dídá tí wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Oògùn náà ló ń dáàbò bo àwọn iṣan tó kù. Ẹni tó bá rí àmì ẹ̀jẹ̀ lọ́pọlọ ẹ̀dá tó sì yọ ọwọ́ oògùn kúrò, ńṣe ló ń ṣí páànù tó kù sílẹ̀ fún òjò.

Ásípírìn ni ó yàtọ̀. Òun ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kì í jẹ́ kó tètè dì. Dókítà lè fún ẹni tí ó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn, àǹfààní rẹ̀ sì lè ju ewu rẹ̀ lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú fíìmù lọ fi han ẹni tó kọ ọ́, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. A tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ásípírìn wà nínú àwọn oògùn ìyẹ̀fun orí fífọ́ kan tí àwọn ìyá wa ń dà sẹ́nu lójoojúmọ́ láti fi lé àárẹ̀. Ìyá yìí ń lo ìdì méjì lóòjọ́. Kò sí ẹni tó kà á sí oògùn, nítorí náà kò sí ẹni tó sọ fún dókítà.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àpapọ̀ iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Magí wà nínú ìṣirò yẹn o. Ẹni tó ń fi magí mẹ́fà se ìkòkò ọbẹ̀ kan, tó tún wá bu iyọ̀ sí i, ti kọjá ibẹ̀ kí ó tó dé orí ẹ̀wà àárọ̀. Bí ìyá bá sì ń gbàgbé pé àwọn ti fi iyọ̀ sí i, ẹ gbé ike iyọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn láìjà.

Níbi àlùwàlá ni ẹ ti ṣọ́ra jù. Àgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti rọ̀ báyìí, ìṣubú kan lè fa ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe kékeré mọ́. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tí ọṣẹ ti yọ̀, búútà tó wúwo, bíbẹ̀rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ ní ìdájí nígbà tí iná kò sí: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú. Ẹ tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀, ẹ gbé àga kan síbẹ̀ kí wọ́n jókòó ṣe é, ẹ lo búútà kékeré, ẹ tan iná kí Àsùbáà tó pé. Ẹ máa fọ kànhìnkànhìn ewé kúrò nílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjìméjì.

Ní ti ààwẹ̀, Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn àti arúgbó. Ẹni tí dókítà rẹ̀ bá gbà pé ó lè gbà á, kí wọ́n jọ yí àsìkò oògùn sí sààrì tàbí ìṣínu ṣáájú kí Ramadan tó wọlé. Kì í ṣe ohun tí à ń dá ṣe.

Ní ti ìrun, ìmọ̀ràn Ààfáà wa rọrùn: kí ìyá yé dá ìrun kí. Kí ẹnìkan nínú ilé ṣe lémọ́ọ̀mù, kí ìyá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kíka ráká á kúrò lọ́rùn wọn. Bí ó bá wá dé ibi tí làákàyè ti lọ pátápátá, a ti gbé gègé kúrò lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ má fi tipátipá gbé wọn dìde.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò ní fi bò. Àlùkùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrátù Náhlì, áyà 70, sọ nípa àwọn tí a ń dá padà sí ọjọ́ ogbó tí wọ́n fi ń di ẹni tí kò mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀. Mùsùlùmí tó ka èyí, tó tún wá pe ìyá arúgbó tó ń ṣarán ní àjẹ́, irọ́ ló ń pa mọ́ ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti na irú wọn níta gbangba rí ní ilẹ̀ wa. Kí àwọn ọmọ dáhùn kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde ní kọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rí i lójijì pé ẹnu wọ́, apá kan rọ, ọ̀rọ̀ lọ́, tàbí orí fọ́ wọn lọ́nà tí kò fọ́ rí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má kọ́kọ́ wá àgbo. Ilé ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Arákùnrin náà tún padà wá rí wa. Ìfúnpá ìyá ti di 138 lórí 82, wọn kò sì ta ilé. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù fún obìnrin kan tó ń wá jókòó ti ìyá láti àárọ̀ dé Àlàásárì, kí ìyàwó ilé lè lọ sọ́jà. Ìyá kì í rántí orúkọ ọmọ-ọmọ wọn tó kéré jù mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá tó ń ṣe lémọ́ọ̀mù wọn ní Àìlá sọ pé, bí òun bá fo ọ̀rọ̀ kan nínú súrà, láti ẹ̀yìn ni màmá àgbà ti ń bá òun tún un ṣe.